Ọkọ̀ Mendi, Tí Ó Rì Nínú Kùrukùru

Ẹnikẹ́ni tí àwọn òbí rẹ̀ bá ti pa ekùrọ́ tà rí ní abúlé wọ̀nyí, ìbáà ṣe ní Ọlọ́runṣògo tàbí ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn án. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ekùrọ́ àti kòkó oko wa lọ sí Èkó. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ elééfín ti máa ń kó wọn lọ sí Liverpool nígbà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a kàn fún irú òwò bẹ́ẹ̀ ni Mendi, orúkọ ẹ̀yà kan ní Sàró. Ní Glasgow ni a ti kàn án ní ọdún 1905, fún British and African Steam Navigation Company, tí ó wà lábẹ́ àwọn Elder Dempster. Ẹrù, lẹ́tà àti èrò ni ó ń gbé láàrin Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà.

Nígbà tí ogun Jámánì ìṣáájú gbóná, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún iṣẹ́ ogun ní 1916. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1917 ó gbéra ní Cape Town pẹ̀lú ọkùnrin dúdú 802, ó ń kó wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọn kì í ṣe jagunjagun. Ìjọba wọn kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú gbé ìbọn. Igi ni wọn ó máa gé, ẹrù ni wọn ó sì máa rù ní èbúté. Ọkọ̀ náà yà ní Èkó, níbẹ̀ ni a ti de ìbọn ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀ nítorí àwọn ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá ni ikú rẹ̀ ti wá.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ 21 oṣù kejì, Mendi wà ní gúúsù erékùsù Wight, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kùrukùru bo ojú òkun. Mendi rọra ń lọ, ó ń fọn fèrè gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Darro, ọkọ̀ tí ó tó o ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ń sáré bọ̀ láìfọn fèrè kankan. Ó kọ lù ú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ní ibi tí àwọn ènìyàn sùn sí. Kí ó tó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Mendi ti rì. Ọ̀pọ̀ ni òtútù omi náà pa. Ọkọ̀ ogun kékeré tí ń sìn wọ́n bọ̀, Brisk, sọ ọkọ̀ àjẹ̀ kalẹ̀, ó ń wá wọn nínú òkùnkùn. Darro kò sọ ẹyọ kan kalẹ̀. Ó dúró nítòsí fún wákàtí bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ké nínú omi! Èyí ni ó ń dùn mí ju ìkọlù náà lọ, nítorí kùrukùru lè fọ́ ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í di etí.

Àwọn 646 ni ó kú, 607 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ dúdú. Àlùfáà ìjọ kan, Isaac Wauchope Dyobha, wà nínú wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Gúúsù Áfríkà títí di òní pé òun ni ó gba àwọn yòókù níyànjú láti kú bí akọni.

A gbọ́ ẹjọ́ náà. A dá ọ̀gá ọkọ̀ Darro lẹ́bi, a sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún oṣù méjìlá péré. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, àwọn aṣòfin Gúúsù Áfríkà dìde dúró láti bọ̀wọ̀ fún àwọn òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, ìjọba kan náà kò fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú náà ní àmì ẹ̀yẹ ogun tí a fi fún àwọn aláwọ̀ funfun.

Ní 1974 ni òmùwẹ̀ kan rí àwókù rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn àwo ìjẹun tí àmì ilé-iṣẹ́ òwò náà wà lára wọn ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé Mendi ni. Ní 2017, ẹnì kan tí kò jẹ́ kí a mọ orúkọ òun fi agogo ọkọ̀ náà lé oníròyìn kan lọ́wọ́. Ní 2018 ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Theresa May, gbé e lọ fún àwọn ará Gúúsù Áfríkà ní Cape Town.