Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Bí ènìyàn bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é. Wọn a ní ohun dídùn ló jẹ jù, wọn a sì se àgbo fún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru bá ti lé ní oṣù kan, orúkọ yẹn kò tó mọ́.

Àrùn méjì kan wà tó máa ń mú ìfun wú, tó sì ń dá egbò sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan ń jẹ́ Crohn, orúkọ dókítà Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní 1932. Èkejì ni rectocolite. Ìfun ńlá nìkan ló ń bá jà. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ-ogun tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń ṣe ìfun léṣe.

Ibi ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ wà. Oògùn azathioprine máa ń dẹ ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun náà kí ìfun lè sinmi. Ọwọ́ tó dẹ̀ yìí lè jẹ́ kí lymphome ráyè. Lymphome ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ funfun. Ó lè mú ìfun ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníṣègùn tẹ̀ lé 19,486 ènìyàn tó ní àrùn ìfun wọ̀nyí. Ní 2009, wọ́n kéde pé ewu lymphome lára àwọn tó ń lo irú oògùn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tí kò lò ó rí. Ọ̀rọ̀ náà ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n nínú 1,000 ènìyàn tó lò ó fún ọdún kan, kò pé ẹnì kan tí lymphome mú. Àwọn tó sì ti fi í sílẹ̀, ewu tiwọn kò ju ti ẹni tí kò lò ó rí lọ.

Nítorí náà, kò tọ́ kí dókítà kọ oògùn yìí sí ìwé lédè Faransé, kí ó má sì ṣàlàyé ewu rẹ̀ ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Aláìsàn kì í ṣe ọmọdé. Kò sì tọ́ kí aláìsàn tó gbọ́ ìró da oògùn nù ní ìkọ̀kọ̀. Àrùn ìfun tí kò rí ìtọ́jú lè dí ìfun, ó lè lu ú, bó bá sì pẹ́ lára, ó lè bí irú jẹjẹrẹ ìfun mìíràn tó wọ́pọ̀ ju lymphome lọ.

Ìbéèrè tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀. Kí ni orúkọ àìsàn yìí? Kí ni oògùn yìí ń ṣe nínú ara? Ìgbà wo ni wọn yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Bí ẹni tó ń lo azathioprine bá sì rí ibà tí kò lọ, òógùn òru, ara tó ń joro tàbí kókó ní ọrùn tàbí ní abíyá, kí ó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.