Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kò Kú Lè Kó Bá Adìẹ Abúlé

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ará Ìdáàṣà, ẹ gbọ́. Ní Dìsẹ́ńbà 2007 ni wọ́n rí àrùn H5N1 ní Benin wa. Ní 2021 ó tún padà. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìṣàìsàn, kí adìẹ tó bá a mu omi kan náà kú tán. Ẹlòmíì ń sáré ta adìẹ tó ń ṣàìsàn, torí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á pa gbogbo rẹ̀, òun ò sì ní rí fáránkì kan gbà. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń tan àrùn ká. Kí mérì béèrè owó ìtanràn ẹran lọ́wọ́ ìjọba, kó sì sọ ọ́ ní gbangba. Kí baálẹ̀ náà lu agogo: ẹ má ta òkú adìẹ, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹran. Kí ọyẹ́ tó dé ni o!