Pàkúté Nìkan Kò Tó: Ẹ Wo Ojú Ọjọ́ Pẹ̀lú



Kòkòrò kékeré kan wà ní Yúróòpù tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mílímítà 5 lọ. Ips typographus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́ èèpo igi spruce ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń pa igi náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n bá a nínú igbó kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń kọ́ nípa igbó àti iṣẹ́ ọ̀gbìn gidigidi.

Òórùn ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Bí kòkòrò yìí bá rí igi tí agbára rẹ̀ ti dín kù, a máa tú òórùn kan jáde láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú òórùn yìí, tí a mọ̀ sí fẹ́rómóònù, ni àwọn onímọ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń fi sínú pàkúté. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé iye kòkòrò tí a kà nínú pàkúté kò lè sọ òtítọ́ fún wa bí a kò bá kọ bí ojú ọjọ́ ti rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kòkòrò yìí kì í sábà fò títí ooru yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 18 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pàkúté lè ṣófo, kí olùtọ́jú igbó sì máa yọ̀ pé kòkòrò ti tán, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fara pamọ́, wọ́n ń retí oòrùn. Ooru gan-an a tún máa mú kí òórùn inú pàkúté tètè tán. Bí ìjì bá sì wó igi púpọ̀ lulẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Sweden ní oṣù Kìíní ọdún 2005, àwọn igi tó wó náà a máa bá pàkúté du kòkòrò.

Ẹ wo Norway. Ní ọdún 1979 àti 1980, nǹkan bí 600,000 pàkúté ni wọ́n dẹ lọ́dọọdún. Kòkòrò tí wọ́n mú tó bílíọ̀nù 2.9 ní ọdún kìíní, ó sì tó bílíọ̀nù 4.5 ní ọdún kejì. Iye náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjì àti ọ̀dá ló ti kọ́kọ́ sọ àwọn igi di aláìlera, tí oje tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn kò fi tó mọ́. Nígbà tí wàhálà náà rọlẹ̀, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá pàkúté ló ṣẹ́gun tàbí ojú ọjọ́ ló yí padà.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ pàkúté ti pọ̀ tó, kí a má tún fi ti ojú ọjọ́ kún un. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tí a fi ń wọn ooru, èyí tí a fi ń wọn òjò, àti ìwé kan: owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí a gé láìnídìí, tàbí èyí tí a fi sílẹ̀ títí ó fi kú tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò ṣe iṣẹ́ yìí, yálà níhìn-ín tàbí nílé, ẹ má ṣe gba iye kankan tí kò ní àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá ń ka kòkòrò, ẹ jẹ́ kí a máa wo ojú ọ̀run.