Àwòrán Òkúta Kò Ṣe é Fi Òòlù Là

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin àwa òbí, kò sì yọ àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn sílẹ̀, pé eré ìnàjú lásán ni kíkó tí wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì lọ sórí òkè àti sínú igbó, pé owó ọkọ̀ a ṣòfò, oòrùn a sì pa ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ìwé àti àwòrán inú rẹ̀ ti tó fi mọ òkúta. N kò gbà, nítorí ẹ̀kọ́ inú yàrá ti ṣi ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù lọ́nà rí.

Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Werner, àgbà olùkọ́ ní Freiberg ní ilẹ̀ Jámánì, ń kọ́ni pé inú omi òkun àtijọ́ ni akọ òkúta tí à ń pè ní gíránáìtì ti dì, àti pé òun ni ó ṣáájú gbogbo àpáta yòókù dáyé. Ilẹ̀ Saxony níbẹ̀ tí ó mọ̀ dunjú ni ó fi wọn gbogbo ayé. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ẹsẹ̀ ni ó bi ẹ̀kọ́ náà wó. Ní 1785, James Hutton, ará Scotland, tọ ipadò lọ ní àfonífojì Glen Tilt, ó sì rí gíránáìtì pupa tí ó ya bí iṣan wọ inú òkúta dúdú, tí ó là á, tí ó sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí gíránáìtì bá jẹ́ àkọ́bí lóòótọ́, báwo ni yóò ṣe la àárín ẹni tí a kò tíì bí? Yíyọ́ ni ó yọ́ nínú iná, tí ó sì ṣàn wọlé tọ òkúta tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ayọ̀ Hutton pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń fọ̀nà hàn án fi rò pé wúrà tàbí fàdákà ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé. Akọ àpáta ni ó wà lábẹ́ Ìbàdàn, lábẹ́ Ilé-Ifẹ̀, àti lábẹ́ Ìdànrè, ìlú tí ó fi òkè ṣe odi. Omi kì í sì í gbé inú akọ àpáta bí kò ṣe ibi tí ó ti sán, tàbí ibi tí òjò àti ọdún gbọọrọ ti sọ ọ́ di rírọ̀. Nínú ìwé, wọ́n ti fi tàdáwà fa ilà sí ibi sísán náà. Lóko, ewéko bò ó, ojú òkúta ti pàwọ̀dà, àfi kí òòlù là á kí àwọ̀ rẹ̀ tòótọ́ tó yọ, kí kọ́ńpáàsì sọ ibi tí sísán náà kọjú sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ láti orí àpáta kan dé èkejì, kí ó yà á sórí máàpù, kí ó sì padà lọ wò ó bí ọkàn rẹ̀ bá ṣiyèméjì. Ẹni tí kò kọ́ èyí ni yóò gba owó lọ́wọ́ ìdílé kan, tí yóò lu kànga ẹ̀rọ, tí eruku nìkan yóò sì jáde.

Òótọ́ ni pé ejò wà nínú igbó, àpáta a sì máa yọ̀. Olùkọ́ tí ó mọ̀nà àti bàtà tí ó le ni oògùn ìyẹn, kì í ṣe ìjókòó sílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bèèrè owó ọkọ̀ sí Ìdànrè àti owó òòlù, ẹ fún un.