Gólóbà àti Àwọn Tó Gbé E Dépò

Bí ọ̀rọ̀ Gólóbà bá délẹ̀ láàárín àwọn àgbà Èkó, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé òun ló tún ìlú náà ṣe. Wọ́n á ka títì tó là, wọ́n á mẹ́nu ba gbọ̀ngàn ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Custom Street, wọ́n á sì fi kún un pé òyìnbó tó fẹ́ràn èèyàn dúdú ni. Mi ò bá wọn jiyàn pé ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí mo fàbọ̀ sí ni pé ohun tí Èkó ṣe fún Gólóbà pọ̀ ju ohun tí Gólóbà ṣe fún Èkó lọ.

John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ọmọ àlùfáà, wọṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1841, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá péré. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Ọbabìnrin Victoria nìyẹn: ọmọdé ni wọ́n ń kó wọnú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́ bí a ṣe ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ kí a tó mọ ibi tí ọkọ̀ dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti kọ́ bí a ṣe ń ta ìgbòkun, tí a ń yin àgbá. Ó yege ìdánwò lẹ́fútẹ́náǹtì ní 1849, síbẹ̀ ọdún 1851 ni wọ́n tó fún un lóyè náà. Ọ̀gá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ nígbà yẹn. Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀, ilé ló máa jókòó sí, ààbọ̀ owó oṣù ni yóò sì máa gbà, títí ẹni tó lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1853, wọ́n yìnbọn lù ú níbi ìjà Donabew ní ilẹ̀ Burma, ó sì gbọgbẹ́ gidigidi. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí, kò sẹ́ni tí ì bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí.

Odò Ọya ló yí i padà. Ní 1857, wọ́n fi í kún àwọn tí Dókítà William Baikie kó gòkè odò náà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ Dayspring. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wọn odò, kó sì máa yà á sórí ìwé. Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tiwa, wà nínú ìrìn náà. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá, nítòsí Jẹ́bà, wọ́n dé ibi tí odò ti há sáàárín àpáta, tí omi ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ̀ ń tiraka láti gòkè, omi ń taari rẹ̀ padà, ó forí sọ àpáta, ó sì fọ́. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi pàgọ́ sétí odò lórí ilẹ̀ Núpé. Láti ibẹ̀ ni Gólóbà ti fẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá wá sí Èkó, kó lè rí oúnjẹ àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbí yìí. Kò sí òyìnbó kan tó dá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Aláàárù ló ń ru ẹrù, ẹni tó mọ igbó ló ń síwájú, ọba àti baálẹ̀ ló ń fún àlejò nílé sùn, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ìlú tó kàn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí Gólóbà mọ̀ nípa ilẹ̀ wa, ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló ti gbọ́ ọ. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá, nítorí wọ́n ti fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ ọba Èkó kúrò lórí oyè ní 1851, wọ́n sì ti gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus tó dúró lójú ọ̀sà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1863, wọ́n fi Gólóbà ṣe olórí Èkó.

Ibi tó ti rí ọmọ ogun ló yà mí lẹ́nu jù. Ìtàn tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ń sọ nípa ara wọn ni pé ọ̀dọ̀ àwọn 18 tí Gólóbà kó jọ ni iṣẹ́ ológun ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ Hausa ni wọ́n, "Glover Hausas" ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Àwọn ẹrú tó sá fún olówó wọn ló ń kún ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n mú lójú ogun lókè lọ́hùn-ún, tí wọ́n tà láti ọjà dé ọjà títí ó fi ń roko fún ẹlòmíì nítòsí ọ̀sà, yóò gbọ́ pé bí òun bá lè dé Èkó, wọn ò ní dá òun padà. Yóò sá lóru. Bó bá dé, wọ́n á fún un ní ìbọn àti aṣọ. Ó dòmìnira, ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n fi dè é mọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́ èèyàn dúdú lásán. Ọgbọ́n ìjọba wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè padà sílé kò ní sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bínú, mi ò sì ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Òótọ́ ni pé owó tí wọ́n ná sórí ẹrú ń dun wọ́n, ìyẹn kò sì ṣeé gbè lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ọkùnrin yìí fẹ́ máa pàṣẹ lórí ọ̀nà àti bodè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Gólóbà rán ọmọ ogun West India Regiment àti àwọn Hausa rẹ̀ lọ, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú wọn ká. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta: wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì lé òyìnbó jáde. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó, Gólóbà fún wọn nílẹ̀ l'Èbúté-Mẹ́ta. Ohun rere nìyẹn, kí a sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó lé wọn kúrò nílé.

Nígbà tó di 1872, ọ̀nà ti dí, epo kò wọ Èkó mọ́, àwọn oníṣòwò ń pariwo. Gómìnà àgbà tó ń ti Sàró darí Èkó, John Pope Hennessy, wá, ó gbọ́ tẹnu àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ó sì mú Gólóbà kúrò.

Ta ló gbà á sílẹ̀? Èkó náà ni. Nígbà tí ogun Aṣántì bẹ̀rẹ̀ ní 1873, ó fara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbà á, àwọn Hausa àti Yorùbá tí wọ́n kó láti Èkó sì ni òpómúléró ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Wọ́n bá a la igbó láti ìhà odò Volta títí dé Kùmásì ní oṣù Kejì ọdún 1874. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di Sir John. Ní 1875, ó di gómìnà Newfoundland níbi tí òtútù ti ń mú, ó lọ sí àwọn erékùṣù Leeward ní 1881, ó padà sí Newfoundland ní 1883, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1885. Ìlú kan wà ní Newfoundland di òní tó ń jẹ́ Glovertown. Ìyàwó rẹ̀ kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1897.

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò ní ìyàwó tó kọ ìwé, kò sì sí ìlú tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Irú wọn náà ni wọ́n tún kó lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní 1892, ọdún méje lẹ́yìn tí Gólóbà kú.

Mi ò ní kí a yọ orúkọ Gólóbà kúrò níbì kankan. Gbọ̀ngàn yẹn ti di tiwa: níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn nílẹ̀ yìí ní 1903, níbẹ̀ sì ni Hubert Ogunde ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún ni pé kí wọ́n gbé pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n kọ ìtàn àwọn 18 yẹn àti àwọn aláàárù Jẹ́bà sí i, ní Yorùbá àti ní Hausa. Ẹ̀yin ìdílé Ẹ̀gbá tó wà l'Èbúté-Mẹ́ta láti ìgbà Ìfọ́lé, ẹ gba ohùn àwọn àgbà yín sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí iléèwé tó wà ládùúgbò yín.