Òjìji Ọ̀sán ní Kofar Rini

Ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti òjìji jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ ni lóminú ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà á sórí bí ayékòótọ́, láìbojúwo òjìji tiwọn rárá.

Bí ìwé tí a kọ fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé àríwá ni òjìji ọ̀sán ń kọjú sí, òótọ́ ni lọ́hùn-ún. Ní Kofar Rini, nínú ìlú Sókótó, kò rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ́dún. Láti ìparí oṣù kẹrin títí di àárín oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán a máa gba apá àríwá kọjá lórí wa, òjìji a sì ṣubú sí gúúsù.

Ìdánwò rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ọmọ ri igi gígùn mọ́lẹ̀ ní gbangba, kí ó máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé. Díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá ààbọ̀ ni yóò kúrú jù lọ. Kí ó má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o! Ní nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, kí ìbátan rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe bákan náà. Òjìji ti Sókótó yóò kọjú sí àríwá, ti Ìbàdàn sí gúúsù, nítorí pé agbedeméjì ìlú méjèèjì ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́jọ́ náà. Nípa fífi òjìji ìlú méjì wéra báyìí ni Eratosthenes fi wọn àyíká ayé ní Íjíbítì, ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn.

Èdè wo ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀? Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ó wọ́gi lé e. Àwa ará àjò kò tilẹ̀ lè retí pé kí ilé-ìwé Sókótó máa fi Yorùbá kọ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni ó kù sí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú ọmọ yín jáde sí oòrùn, kí ẹ sì fi èdè ìyá rẹ̀ bi í pé: kí ni ó dé tí òjìji rẹ fi ṣubú síhìn-ín?