Ọmọ Tí Ń Bá Rédíò Sọ̀rọ̀, Tí Kì Í Bá Bàbá Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lójú ewé yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ ìwàásù, síbẹ̀ ó wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, pàápàá jùlọ ọ̀rọ̀ àwọn atọ́kùn ètò eré ìdárayá lórí rédíò.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ore tàbí ní Odìgbó yóò mọ ohun tí a ń wí. Ìlú onírìnàjò ni Ore. Ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì pàdé níbẹ̀. Ní gáréèjì, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ní ilé oúnjẹ tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun, rédíò kì í dákẹ́. Bí àkókò ètò eré ìdárayá bá sì tó, ẹ ó gbọ́ tí atọ́kùn méjì yóò máa jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí kóòṣì fi sínú pápá. Ọ̀kan yóò fi èkejì ṣe ẹ̀fẹ̀. Èkejì yóò sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí fún un ní alẹ́ àná nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, gbogbo ẹni tí ń gbọ́ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè, àwọn ọmọ wa yóò sì gbé fóònù wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ń náwó fóònù láti bá ẹni tí kò rí rí sọ̀rọ̀, ọmọ kan náà ni kì í sọ ju "Ẹ káàárọ̀, sà" lọ fún bàbá rẹ̀. Àwọn òbí kan ti gbé ẹjọ́ yìí tọ̀ wá wá. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni ó gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rò ni pé atọ́kùn náà mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ bàbá kò tíì mọ̀, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí irú ètò yìí ti wá. Kí rédíò aládàáni tó dé, asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan wà ní Radio Nigeria tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ernest Okonkwo. Ó kú ní 1990, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ; ó tún ń fi orúkọ dá àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́lá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni "Mathematical". Christian Chukwu tí í ṣe balógun ikọ̀ ni "Chairman". Adokiye Amiesimaka tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ni "Chief Justice". Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní góòlù 3 sí òdo ní Sùúrùlérè láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí Ọdẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, tí Mudashiru Lawal gbá ẹyọ kan, àwọn orúkọ wọ̀nyí wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Yorùbá mọ ohun tí èyí jẹ́: oríkì ni. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ń gbé ènìyàn ga ni.

Ní 1992, ìjọba ṣe òfin tí ó fàyè gba rédíò aládàáni, Ray Power sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1994. Ní 2001, fóònù alágbèéká GSM dé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 2002, Larry Izamoje dá Brila FM sílẹ̀, rédíò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gbájú mọ́ eré ìdárayá nìkan. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó dé. Ní ayé Okonkwo, ẹnìkan ni ń sọ, gbogbo ìlú ń gbọ́. Nígbà tí fóònù dé, ẹni tí ń gbọ́ náà rí ẹnu sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, mímọ bọ́ọ̀lù nìkan kò tó fún atọ́kùn mọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gba àlejò ọ̀rọ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa máa ń ṣe.

Èkínní, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀ tán. Bí ọmọ kan bá pè láti Odìgbó, tí ó ní asọ́lé ni ó ba ìdíje jẹ́, atọ́kùn kò ní sọ pé, "Kí ni ìwọ mọ̀?" Yóò bi í pé, "Kí ni o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè kékeré yìí ni ọmọ náà ń wá kiri. Ó fẹ́ kí ẹnìkan béèrè ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkejì, ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Atọ́kùn tí ó sọ ní ọjọ́ Ẹtì pé ẹgbẹ́ òun yóò borí, tí wọ́n sì nà án bí ẹni máa kú, yóò dé ní ọjọ́ Ajé, yóò ní kí wọ́n wá rẹ́rìn-ín òun. Nígbà tí ẹni tí ó ní gbohùngbohùn bá ti fara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ẹni tí ó pàdánù lè jókòó sídìí ọ̀rọ̀ láìsí ìtìjú.

Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń sọ ìtàn ara wọn. Ọdẹ́gbàmí tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di òǹkọ̀wé àti oníròyìn eré ìdárayá lẹ́yìn tí ó fi pápá sílẹ̀, ó sì dá rédíò eré ìdárayá Eagle7 sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe góòlù 2 ti 1980 nìkan ni ó ní láti sọ. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó dé Montreal fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní 1976, tí wọ́n sì padà sílé láìgbá bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà yọ ara wọn kúrò, torí pé ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ṣeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkọ̀ ìdánwò já sílẹ̀ lè gbọ́ irú ìtàn báyìí, kí ó sì mọ̀ pé ìpadàbọ̀ lọ́wọ́ òfo kì í ṣe òpin ayé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ bàbá ń fi han ọmọ: ipò kìíní tí wọ́n gbà ní kíláàsì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe là. Wọ́n tọ́jú àkísà pamọ́. Bẹ́ẹ̀ àkísà náà ni ọmọ ń wá lọ sórí rédíò.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀fẹ̀ lè ṣe ni léṣe. Ní 1977, Godwin Odiye fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ń bá Tunisia gbá ní Èkó, góòlù kan yẹn ni kò jẹ́ kí a lọ sí ìdíje àgbáyé 1978. Ní 2010, ní Durban, Yakubu Aiyegbeni gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ kọjá nígbà tí a ń bá Kòríà Gúúsù gbá. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ẹ̀rín fún ọdún púpọ̀, bí ẹni pé wọn kò gbá bọ́ọ̀lù mìíràn rí. Ní Colombia, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Andrés Escobar gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé 1994; kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi yìnbọn pa á ní ìlú Medellín. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni ń sanwó ìpolówó lórí ọ̀pọ̀ irú ètò báyìí. Ohùn tí ó fi tọ́ọ̀kọ̀ ẹ̀rín pa ọmọ yín ni ó tún fi ń sọ fún un pé kí ó lọ ta tẹ́tẹ́. Ọmọ kò mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ parí sí àti ibi tí òwò ti bẹ̀rẹ̀. Bí òbí kò bá sí nítòsí láti fi àlà náà hàn án, owó ilé ìwé lè bá a lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò le. Ẹ má ṣe pa rédíò náà. Ẹ jókòó tì í. Bí àwọn atọ́kùn bá jiyàn tán, ẹ bi ọmọ pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni èrò tìrẹ?" Bí ó bá sọ ohun tí kò tọ́ lójú yín, ẹ má tètè já a. Ẹ sọ ìtàn ìjákulẹ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ẹ wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, Morocco ti fi góòlù 2 sí òdo ṣíwájú kí àwọn Super Falcons tó yí i padà sí 3 sí 2, tí wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá. Ẹ bi ọmọbìnrin yín bí ó ti rí i. Ẹnu lè yà yín.

Kí ẹ sì fi òfin méjì sílẹ̀ nínú ilé. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ìrísí tàbí òṣì ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀fẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi owó lé ìyàn.

Ìlú wa mọ ohun tí ìjà jẹ́. Ní 1967, ogun abẹ́lé dé Ore, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ore." Kí iyàn bọ́ọ̀lù má ṣe di ìjà Ore nínú ilé wa. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, bí ìsìn bá parí, tí ọmọ yín sì ń kánjú lọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ bá a lọ. Bí ẹgbẹ́ tí ẹ yàn bá pàdánù, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.